Ẹni Bá Fẹ́ Bá Àwẹ̀ró Kẹ́dùn, Kó Bọ́ Sínú Amọ̀

Ẹ sún mọ́ mi níbí, kí ẹ sì dá ìmí ẹ̀dùn yẹn dúró. Láti ìgbà tí ẹ ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi lẹ ti ń mí bí ẹni tó ru igi gun òkè. Ọ̀kan ní ọdún yìí ò ní dáa. Èkejì ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé kò ní dáa. Ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, ó kàn ń mi orí. Ó sú mi! Etí mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n ìmí ẹ̀dùn yín ń wọ̀ ọ́ ketekete. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àwẹ̀ró fún yín, obìnrin tó tẹ agboolé yìí dó. Ìwọ tó ń wò mí yẹn, o gbọ́ dáadáa. Obìnrin ni mo wí.

Ní ayé àtijọ́, kí ọ̀nà tó dé ìhín, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ páànù, iná ẹ̀ẹ̀rùn jó abà kan. Ó jó ilé, ó jó àká iṣu, ó jó àgọ́ adìẹ. Inú abà náà ni Àwẹ̀ró ń gbé pẹ̀lú Àjàdí ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn mẹ́ta. Abọ́sẹ̀dé ni àgbà àwọn ọmọ náà. Wọ́n di ìwọ̀nba ẹrù tó kù, wọ́n mú ọ̀nà pọ̀n. Wọ́n dé ìlú kìn-ín-ní, wọ́n ní kò sáyè. Wọ́n dé ìlú kejì, wọ́n ní kò sáyè. Wọ́n dé ìlú kẹta, wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Odò-Ọ̀pẹ, sòbìà ti mú Àjàdí lẹ́sẹ̀, igi ló fi ń rìn.

Baálẹ̀ Odò-Ọ̀pẹ gbà wọ́n. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ àlejò ti sú òun náà. Ilẹ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú. Èèyàn méjì ti kọ́lé síbẹ̀ rí, ilé méjèèjì ló wó. Àwọn tó kọ́ ọ fi òkìtì amọ̀ méjì sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Baálẹ̀ wá ní:

“Ìwọ Àwẹ̀ró àti ọkọ rẹ, ẹ tẹ́tí. Ẹ̀ẹ̀rùn ṣì kù díẹ̀. Tí àkọ́rọ̀ òjò bá rọ̀, tó bá ilé tó ní òrùlé lórí ilẹ̀ yìí, tí ilé náà sì dúró, ilẹ̀ di tiyín tọmọtọmọ. Bí kò bá bá ilé, tàbí tí ilé ọ̀hún wó, ẹ di ẹrù yín. Mi ò fẹ́ òkìtì kẹta ní ìlú mi.”

Ẹ gbọ́ bẹ́ẹ̀? Kí ilé dúró, tàbí kí wọ́n tún máa lọ. Kò sì sí ìlú míì tí ẹsẹ̀ Àjàdí lè gbé e dé.

Ilé amọ̀ ni wọ́n ń kọ́ nígbà náà, ẹ̀yin tí ẹ rò pé inú ọjà ni wọ́n ti ń ra ilé. Wọn á gbẹ́ ilẹ̀pa, wọn á da omi sí i, wọn á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọn á tún un tẹ̀, títí kò fi ní sí kókó kan nínú rẹ̀. Wọn á wá ṣù ú ní ìṣù-ìṣù, wọn á tò ó yí ká bí ilé ṣe máa rí. Ìpele kìn-ín-ní nìyẹn. Wọn á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e. Ìpele márùn-ún ni ilé. Iṣẹ́ èèyàn mẹ́wàá ni. Àwẹ̀ró nìkan ló wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń pọnmi, àti ọkọ tó jókòó, tó ń fi ọwọ́ kan dán ara ìpele.

Iṣẹ́ kọ́ ló kọ́kọ́ fẹ́ pa á. Àlejò ni.

Ẹ ò mọ àwọn ará Odò-Ọ̀pẹ ìgbà yẹn. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọn kì í kọjá lára èèyàn kí wọ́n má kí i, wọn kì í sì í kí èèyàn ní kíkí kúkúrú. Wọ́n á béèrè ìyá, wọ́n á béèrè bàbá, wọ́n á béèrè adìẹ tó sọnù lọ́dún tó kọjá. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, wọ́n á dé sẹ́bàá kòtò amọ̀ Àwẹ̀ró, wọ́n á káwọ́ lẹ́yìn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ kú ìrọ́jú o, Ìyá Abọ́sẹ̀dé.”

“Ẹ kú àdánù o.”

Àwẹ̀ró á ní, “Àdánù wo? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni.”

Wọn á ní, “Àh, a mọ̀. Àmọ́ yóò wó. Ẹ sáà rọ́jú.”

Ṣé ẹ rí nǹkan báyìí rí? Wọ́n ń kí èèyàn kú àdánù ilé tí kò tíì kọ́! Ọ̀rọ̀ náà ò sì ti inú burúkú wá o. Ìyẹn ló tún bí mi nínú jù. Èèyàn burúkú, o lè lé e lọ. Ẹni tó ń káàánú rẹ, tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀ nítorí tìẹ, kí lo fẹ́ fi ṣe?

Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Fọ́yèkẹ́. Òun mọ ìtàn ilé mẹ́sàn-án tó wó, kò sì ní lọ títí yóò fi sọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tán. Bàbá arúgbó kan náà wà, Òjẹ́lékè, òun ni olórí wọn. Òun ló kọ́kọ́ ń dé láàárọ̀, òun ló ń kẹ́yìn lọ. Á fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀, á ní, “Ilẹ̀ yìí ni kò dáa. Mo ti sọ fún àwọn tó wà ṣáájú yín. Mo ti sọ.” Bí Àwẹ̀ró bá ti ń dúró dá wọn lóhùn, nítorí kò lè dákẹ́ fún àgbàlagbà, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn ń mú amọ̀ nínú kòtò, tó ń gbẹ láìtíì tẹ̀ ẹ́ tán. Amọ̀ ẹlẹ́kókó yẹn náà ló ń gbé lé ògiri.

Ìpele kìn-ín-ní dúró. Ó gbé ìkejì lé e. Lọ́jọ́ kẹta, nígbà tó ń po ògì fún àwọn ọmọ, ó gbọ́ gbìì. Ògiri apá kan ti lọ sílẹ̀.

Kò sọ̀rọ̀ ìgboyà kankan, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Ó jókòó sórí amọ̀ ọ̀hún, ó sì sunkún. Ó sunkún dáadáa. Àjàdí ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ní, “Ìyá Abọ́sẹ̀dé, jẹ́ ká lọ kí wọ́n tó lé wa. Gbogbo ìlú ló ń sọ ọ́. Gbogbo ìlú ò lè jọ ṣìnà.” Àwẹ̀ró dìde lórí amọ̀. Ó yíjú sí Abọ́sẹ̀dé, ó ní kó lọ pọnmi wá.

Ọmọ náà ò mira. Ó ní, “Ìyá mi, wọ́n ní yóò wó. Kí la tún ń pọnmi sí?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dun Àwẹ̀ró dé egungun. Ilé tó wó, èèyàn lè tún un mọ. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ àwọn alàánú gbọ́, ó ti dúró, ó káwọ́ lẹ́yìn bíi tiwọn gẹ́lẹ́. Àwẹ̀ró nu ojú rẹ̀ nù. Ó gbé korobá... kí ni mò ń wí, kò sí korobá nígbà náà. Ó gbé akèrègbè, ó lọ pọn omi náà fúnra rẹ̀. Inú ń bí i débi pé ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà odò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n dé. Wọ́n ti gbọ́ pé ògiri wó, nítorí náà wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òjẹ́lékè wà níwájú, ó ti ń gbé ohùn ọ̀fọ̀ bọ̀ láti òkèèrè. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí wọn, ó sì ní:

“Bàbá, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣeun. Mo mọ̀ pé àánú mi ń ṣe yín. Àmọ́ mi ò lè dúró mọ́, amọ̀ mi ń gbẹ. Láti òní lọ, ẹni bá fẹ́ bá mi kẹ́dùn, kó bọ́ sínú amọ̀, ká jọ máa kẹ́dùn níbẹ̀.”

Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n ti kí i ní ìdajì, èèyàn jẹ́jẹ́ kì í sì í dá kíkí sí méjì kó máa lọ. Fọ́yèkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bọ́ sínú amọ̀. “Ẹ kú ìrọ́jú o,” ó tẹsẹ̀ kan. “Ilé ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin náà, báyìí ló ṣe wó,” ó tẹsẹ̀ kejì. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìtàn ilé mẹ́sàn-án! Kí obìnrin náà tó sọ ilé kẹsàn-án tán, kò sí kókó kan mọ́ nínú kòtò yẹn. Amọ̀ ọ̀hún ń dán bí ẹ̀kọ.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ kí amọ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ò wá mọ́, ariwo sì dín kù. Ẹni tí àánú ń ṣe lóòótọ́ wá, ó sì tẹ amọ̀. Bí àánú rẹ̀ bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ ṣe ń dáa tó. Nígbà tó yá, bí ẹnì kan bá fẹ́ dákẹ́, Àwẹ̀ró ló máa bi í pé, “Ilé ti àna yín ńkọ́? Ṣé òun ò wó ni?” Ẹni náà á tún mú ọ̀rọ̀ sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tún máa lọ. Abọ́sẹ̀dé rí gbogbo èyí. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbé akèrègbè. Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e.

Òjẹ́lékè nìkan ni kò bọ́ sínú amọ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ló fi dúró sẹ́bàá kòtò, tí kò kí, tí kò lọ, tó kàn fara ti ọ̀pá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó bọ́ bàtà awọ rẹ̀, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ amọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá dúró.

Ó ní, “Omi pọ̀ jù nínú eléyìí. Ẹ fi sílẹ̀ kó sun ọjọ́ kan, kí ẹ tún un tẹ̀ lọ́la.”

Àwẹ̀ró ní, “Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀?”

Bàbá náà fi ọ̀pá tọ́ka sí ọ̀kan nínú òkìtì méjì yẹn, èyí tí ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ lé. Ó ní, “Tèmi nìyẹn.”

Ẹ gbọ́ o! Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́yàwó, orí ilẹ̀ yẹn ló kọ́lé sí. Ó rí òjò tó ṣú, ó kánjú, ó mọ ìpele mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ilé wó kí ìyàwó rẹ̀ tó sun oorun ọjọ́ kan níbẹ̀. Òun ò fọwọ́ kan amọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ilé àbúrò rẹ̀ ló ti darúgbó sí. Ó sọ fún Àwẹ̀ró pé, “Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ pé ilẹ̀ ni kò dáa. Ilẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mo kánjú.” Àwẹ̀ró ò dá a lẹ́bi. Ó kàn bi í pé, “Ọjọ́ mélòó ni ká fi gbẹ ìpele kọ̀ọ̀kan, Bàbá?” Ó ní mẹ́rin, bí oòrùn bá mú.

Wọ́n tún ìpele kejì mọ, ó dúró. Ìkẹta dúró. Ìkẹrin dúró. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ìkarùn-ún lé e ni ojú ọ̀run dúdú ní ìhà ìlà oòrùn.

Ìpele tútù ò lè gbé òrùlé. Bí wọ́n bá gbé e lé e báyìí, gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ nílẹ̀. Bí wọn ò bá gbé e lé e, tí òjò bá dé, kò sí òrùlé, Baálẹ̀ á ní kí wọ́n lọ. Àjàdí tún di ẹrù. Àwẹ̀ró alára mú igi àkọ́kọ́ nínú igi òrùlé, ó fẹ́ gbé e sókè. Òjẹ́lékè di igi náà mú ní ìdí. Ó ní, “Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta péré.” Àwọn méjèèjì jọ di igi náà mú, wọ́n ń wo ara wọn. Àwẹ̀ró ló kọ́kọ́ jọ̀wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará ìlú rọ́ dé pẹ̀lú agbọ̀n lórí. Agbọ̀n tó lé ní ogún! Ẹ mọ ohun tí wọ́n wá ṣe? Wọ́n wá bá a ru ẹrù jáde kúrò nílùú. Inú rere ni wọ́n fi wá! Wọn ò fẹ́ kó fi ọmọ ru ẹrù nínú òjò. Àwẹ̀ró wo agbọ̀n wọ̀nyẹn títí. Ó pariwo, ó ní, “Ta ló rán yín níṣẹ́? Ta ló sọ fún yín pé mò ń lọ? Ilé mi ni mo wà!” Ni gbogbo wọn bá sọ agbọ̀n kalẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n bá níbi àkàrà. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó ní, “Ó dáa, ẹ ti gbé agbọ̀n wá. Koríko tí mo máa fi bolé wà lẹ́yìn odò. Mi ò tíì rí i pa. Ẹ jọ̀ọ́.”

Wọ́n lọ. Wọ́n pa koríko ní ọjọ́ kejì, wọ́n pa á ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ń kẹ́dùn lọ, wọ́n ń kẹ́dùn bọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, Òjẹ́lékè fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó ní ó yá. Àwọn ọkùnrin gun òkè. Igi lọ, ọ̀pá lọ, koríko lọ. Wọ́n ń so èyí tó gbẹ̀yìn lọ́wọ́ nígbà tí atẹ́gùn dé, tí òjò sì tẹ̀ lé e.

Gbogbo wọn ló sá wọnú ilé náà, àwọn tó ní yóò wó gan-an! Wọ́n dúró pọ̀. Òjò náà lù, ó lù. Wọ́n gbọ́ tí nǹkan jábọ́ níta, Fọ́yèkẹ́ sì ké pé, “Ó ti dé!” Gbogbo wọn fẹ́ sá jáde. Àwẹ̀ró dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò yà. Ó ní, “Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ ká wò ó ná.” Etí ògiri kan ló ṣí, kò ju ẹ̀kún agbọ̀n kan lọ. Wọ́n dúró. Òjò rọ̀ títí, ó dá. Ilé wà níbẹ̀.

Wọn ò mọ kíkí tó bá irú èyí mu. Òjẹ́lékè ló wọ́ ẹsẹ̀ jáde sínú ẹrẹ̀. Ó rìn dé ojú ọ̀nà, ó yíjú padà, ó sì rìn bọ̀ bí àlejò tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó kan ògiri pẹ̀lú ọwọ́, ó ní:

“Ẹ kúulé o.”

Abọ́sẹ̀dé ló wí pé, “Ẹ wọlé, Bàbá.”

Láti ìgbà yẹn ni a kì í ti í kí ẹni tó wà nínú ìṣòro kú ìrọ́jú nínú ẹbí yìí. Ẹ ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, ẹ kàn rò pé ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó lásán ni. Bí a bá dé ilé ọmọ ìyá wa tí nǹkan ò dáa fún, a óò bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, a óò ní, “Amọ̀ dà?” Ẹni tí nǹkan ò dáa fún gbọ́dọ̀ fún wa ní iṣẹ́ kan, ó kéré ni o, ó tóbi ni o. Bí kò bá fún wa, a ò ní jókòó, a ò sì ní lọ.

Mo mọ̀ pé ó lè dà bí ìwà aláìmọ̀kan. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Ọdún tí ọmọ mi obìnrin kú, mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará àdúgbò wá. Ọ̀kan ní kí n rọ́jú. Ọ̀kan ní kí n ṣọ́ra, ó ní bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ó lè tún ṣẹlẹ̀. Mo ń gbọ́ ọ, mo sì ń gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kẹrin ni àbúrò bàbá mi dé, Adétóún. Ó bọ́ bàtà. Ó ní, “Amọ̀ dà?”

Mo ní, “Kò sí amọ̀. Ọmọ ló kú.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Amọ̀ dà?”

Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ lé e jáde. Mo wá ohun tí mo lè fi dá a dúró, ojú mi bọ́ sára ìkòkò tí mo fi se ògì ìkẹyìn fún ọmọ náà. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án láti ìgbà náà, ògì ti gbẹ mọ́ ọn. Mo ní, “Ìyẹn.” Ó gbé e, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọ̀ ọ́. Kò sì mọ̀ ọ́n fọ̀! Ó ń fi ọwọ́ ha á lápá kan, ó ń fi ìsàlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Mo wò ó, mo wò ó, ara mi ò gbà á mọ́. Mo dìde lórí ẹní, mo gba ìkòkò ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fọ̀ ọ́ fúnra mi.